Ẹnuayé, Ajá Ọdún Òkùnkùn

Lọ́dún 1998, òkùnkùn ló jọba ní Calavi, ní ilẹ̀ Benin. Ọ̀dá ti dá, omi tí wọ́n sé ní Akosombo ní ilẹ̀ Ghana ti fà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú iná mànàmáná tí Togo àti Benin ń lò ti ń wá nígbà náà. Ghana alára kò rí èyí tó tó lò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èyí tí yóò fún aládùúgbò. Bí iná bá lọ ní Zogbadjè, àdúgbò tó kángun sí ọgbà Yunifásítì, kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí yóò padà dé. Akẹ́kọ̀ọ́ á tan àbẹ́là kàwé, ọlọ́jà á gbé àtùpà jáde, ẹni tó lówó á ta jẹnẹrétọ̀ jí. Olè náà á múra tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé ń wá ajá. Kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn ajá o. Ajá tí yóò gbó títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí yóò fa ṣòkòtò ya mọ́ olè nídìí, ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà tọ́ ọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ ìdí igi máńgòrò tàbí mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná, kó má bàa mọ èèyàn, nítorí wọ́n gbà pé ajá tó bá ti mọ èèyàn kò lè lé èèyàn mọ́. Àwọn kan ń po ata gígún mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Mo mọ bàbá kan lọ́nà Kpota tó ń bu ẹ̀tù ìbọn díẹ̀ sí i, ó ní agbára ẹ̀tù á wọ ajá náà lára. Ìgbẹ́ gbuuru ló wọ̀ ọ́ lára. Bó bá di alẹ́, wọ́n á tú ajá sílẹ̀, á máa sá yí ilé ká, á gbó ewúrẹ́, á gbó ewé, á gbó òṣùpá, èyí tó wà ní ilé kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí àdúgbò á fi di ariwo kan ṣoṣo. Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò níṣòro níbẹ̀ rárá. Nígbà tí gbogbo ajá bá ń gbó láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí, ta ni yóò jí torí pé ọ̀kan ń gbó?

Ilé àbúrò bàbá mi ni mò ń gbé. Tántí ni gbogbo wa ń pè é. Aṣọ ni ó ń tà lọ́jà Dantokpa ní Kútọnu. Ìdájí ló ń jáde, ó sì di ìgbà tí takisí bá tó ráyè kọjá ní Godomey kí ó tó wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní FLASH, níbi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè àti ìmọ̀ nípa ọmọ ènìyàn. Université nationale du Bénin ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà. Ọdún 2001 ni wọ́n sọ ọ́ di Yunifásítì Abomey-Calavi. Ajá Tántí jẹ́ irú ajá ilẹ̀ wa tẹ́ ẹ mọ̀: pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ nà ró, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ẹnuayé ni Tántí sọ ọ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé orúkọ ajá kì í déédéé jẹ́ orúkọ ajá láàrin wa. Ohun tí a kò lè wí lójú aládùúgbò, ajá la fi ń rán. Tántí àti obìnrin tí wọ́n jọ pààlà ògiri ní aáwọ̀ lórí omi ẹ̀gbin tó ń ṣàn gba iwájú ilé, obìnrin náà sì ń rò ó kiri fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tántí kò bá a jà. Ó lọ ra ajá. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé bí ó bá ti ń bọ́ bàtà, ohùn rẹ̀ á ti kọjá ògiri: "Ẹnuayé, ṣé o kò ní sinmi ni? Ẹnuayé, kí ni mo ṣe fún ọ?" Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí obìnrin òdìkejì, ó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń gbé nítòsí wa, ọmọ Nikki, ẹ̀yà Baatonu, rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ ìdí orúkọ náà fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó rí i pé onímọ̀ kan, Wendy Schottman, ti kọ odidi iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1993: bí àwọn Baatombu, ẹ̀yà òṣìṣẹ́ ìjọba náà, ṣe ń fi òwe sọ ajá wọn lórúkọ, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n gidi ni. Ajá nìkan ni kò sí ẹni tó rò tirẹ̀ sí i. Ní gbogbo ìgbà tí Ẹnuayé bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ohùn ìbínú ló bá a wá, á sì dìde, á fa ẹ̀wọ̀n dé òpin, á gbó. Bí ó bá ń gbó, Tántí á tún pe orúkọ náà kíkankíkan sí i. Báyìí ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn lọ títí oúnjẹ alẹ́ á fi jinná. Kò sí zemidjan, èyí tí ará Nàìjíríà ń pè ní ọ̀kadà, tó kọjá tí kò gbó. Ọmọ tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù tó ń wọlé láti Nàìjíríà, kò lè gbé agbè rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wa. Bí mo bá sì ti ibi ẹ̀kọ́ dé, yóò fò mọ́ mi tayọ̀tayọ̀, èékánná rẹ̀ á fa ẹ̀wù mi ya. Ayọ̀ rẹ̀ gan-an léwu.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé Bàbá Ọdẹ wá láti abúlé kan lẹ́yìn Kétu, kí dókítà ní Kútọnu lè bá a wo ojú rẹ̀ ọ̀tún tó ti ń ní funfun. Àbúrò bàbá Tántí ni, ọdẹ tó ti gbé ìbọn kọ́ ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé, a gbé àpótí fún un lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnuayé gbó o. Ó gbó o títí ìtọ́ fi ń ta sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó la ẹnu, ó yán. Mo rò pé oorun ìrìn àjò ló ń kùn ún. Tántí sáré jáde pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń pariwo: "Ẹnuayé! Ẹnuayé! Ṣé àgbàlagbà ni ò ń gbó bẹ́ẹ̀?"

Bàbá ní: "Ìwọ lo ń gbó jù ú lọ."

Tántí wo èmi, ó wo ajá, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí, n kò sì tún rí i lẹ́yìn ìgbà náà.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá bi wá ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè dáhùn. Ó ní, kí ni ajá yìí mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí kò sí ohun kankan tó ń ṣẹlẹ̀? A mọ ohun tó ń ṣe bí àlejò bá dé, bí alùpùpù bá kọjá, bí oúnjẹ bá ń bọ̀. Ìgbà tí kò sí nǹkan ńkọ́? Ó ní ajá ọdẹ tó bá ń gbó gbogbo ewé tó mì, ebi ló máa fi pa olówó rẹ̀. Ṣaworo wà lọ́rùn ajá lóòótọ́, kí ọdẹ lè mọ ibi tó gbà nínú igbó, ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá dúró, ajá á dúró. Bí ọdẹ bá jókòó, ajá á dùbúlẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ yẹn, ó ní, iṣẹ́ ni. Wọ́n kọ́ ọ ni, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ fún un. Tiyín, ìgbà tó bá gbó nìkan lẹ ń rí i.

Ó ní kí n wá àpò ìrẹsì kan tó ti ṣófo. Ó ká a sí méjì, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́rùn ajá, kí n fi okùn gígùn rọ́pò rẹ̀, kí n so ó mọ́ igi kó lè rìn dé ibi àpò kó sì kọjá rẹ̀. Tántí máa ń ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ganvié, abúlé orí omi. Bàbá fọ́ ọ̀kan wẹ́wẹ́ sínú àpò dàńṣíkí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́.

Mo wò ó dáadáa, nítorí n kò lóhun mìíràn láti ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹnuayé kọ́kọ́ gbó. Kò sí èsì. Ó fò mọ́ Bàbá lẹ́sẹ̀; Bàbá gbé orúnkún rẹ̀ kúrò. Ó gbóòórùn ẹja, ó fi imú ti àpò dàńṣíkí. Ọwọ́ Bàbá bo ẹnu àpò náà, kò ṣẹ́ ẹ, kò bá a wí. Ó rìn yí ibi tó lè rìn dé ká. Ó jókòó. Kò sí nǹkan. Nígbà tí àárẹ̀ mú un, ó fi ìgúnpá kanlẹ̀ lórí etí àpò ìrẹsì, kò sì tíì dùbúlẹ̀ tán tí ègé ẹja kan fi balẹ̀ sáàrin ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bàbá kò jù ú. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹnuayé jẹ ẹ́, ó fò dìde, ó ń retí òmíràn. Kò sí òmíràn. Ó tún pẹ́ kí ó tó tún dùbúlẹ̀, ègé kejì sì dé. Ìyẹn náà yá díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ajá náà ti mọ̀ pé ohun kan wà nínú kí èèyàn dùbúlẹ̀ sórí àpò yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ràn, ara rẹ̀ ṣì gan. Bàbá ní ìyẹn kò tíì tó. Láti ọjọ́ kejì, kò fún un torí pé ó dùbúlẹ̀ nìkan mọ́. Ó ń dúró dìgbà tí ìdí rẹ̀ bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá jáde sí apá kan náà, nítorí ajá tó fẹ́ fò dìde kì í dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń dúró de àgbọ̀n. Ọjọ́ tí Ẹnuayé gbé àgbọ̀n lé ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì mí kanlẹ̀, Bàbá fún un ní orí ẹja odindi.

Mo bi í pé kí ló dé tí kì í fi ọwọ́ bọ́ ọ. Ó ní bí oúnjẹ bá ń ti ọwọ́ wá, ọwọ́ ni ajá á máa wò, á sì máa dìde tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ni kó máa wò. Mo tún bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún un pé "dùbúlẹ̀". Ó ní ta ni yóò máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un lóru?

Nígbà tí àpò mọ́ ọn lára, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ọmọdé. Á dìde lórí àpótí, á tún jókòó. Á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á dá a padà. Á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Á rìn dé ilé ìdáná, á sì padà kí ajá tó ronú àtitẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ló ní kí n ṣí ilẹ̀kùn iwájú díẹ̀, kí n tì í padà. Lẹ́yìn náà kí n ṣí i gbayawu. Lẹ́yìn náà kí ọmọ oníkpayo gba iwájú rẹ̀ kọjá láìdúró. Ẹja ń balẹ̀ lórí àpò ní gbogbo ìgbà tí ajá bá wà nílẹ̀. Bí ó bá dìde, Bàbá kì í bínú sí i, èmi ló ń bá wí. "O ti sáré jù. Padà sẹ́yìn."

Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ Ivan Pavlov fún wa nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ tó kún débi pé ilẹ̀ la jókòó sí. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú. Nínú iṣẹ́ náà ló ti kíyè sí i pé ìtọ́ ajá ń yọ kí oúnjẹ tó dé rárá, bí ìró tó máa ń ṣáájú oúnjẹ bá ti dún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò. Èmi ń ronú àpò ìrẹsì, nítorí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo rí i pé kì í ṣe ẹja ló ń mú ara Ẹnuayé rọ̀ mọ́: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan àpò, èjìká rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ẹja. Ara ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ẹ̀wẹ̀, ohun tí Pavlov ṣàlàyé náà ló ń bá wa jà lápá kejì, nítorí orúkọ "Ẹnuayé" àti ìbínú ti di ọ̀kan náà létí ajá.

Bàbá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìbínú pe orúkọ yẹn mọ́, àti pé ẹni tó bá pè é gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan.

Tántí ní: "Bàbá, orúkọ tí mo fi ń bá èèyàn wí, ẹ ní kí n máa fi ẹja tì í lẹ́yìn?"

"Bí o bá fẹ́ bá aládùúgbò rẹ wí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà."

Ó ṣòro fún Tántí ju bó ṣe ṣòro fún ajá lọ. Ẹni tó ti dúró láti ìdájí nínú ooru Dantokpa, tó bá àwọn oníbàárà ná ọjà títí ohùn fi há, tó wá délé bá òkùnkùn, a ò lè sọ pé kó máa fi ohùn oyin pe ajá. Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wí pé "Ẹnuayé, ọmọ dáadáa, gba," ẹ̀rín ta láti òdìkejì ògiri. Aáwọ̀ omi ẹ̀gbin kò torí ìyẹn parí o. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà ló parí.

Kí Bàbá tó padà sí Kétu, mo mú un lọ wo adágún Nokoué ní èbúté Calavi, níbi tí àwọn ọkọ̀ Ganvié ti ń gúnlẹ̀. Obìnrin ń ná ẹja, ọmọdé ń sáré, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń hó. Láàrin gbogbo rẹ̀, àwọn ajá tí kò lólówó sùn gbalaja lábẹ́ àwọn àtẹ, ẹsẹ̀ èèyàn ń ré wọn kọjá. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ìwọ̀nyí, ó ní. Àárín ariwo yìí ni wọ́n lajú sí. Ọ̀rọ̀ yìí náà wà nínú ìwé tí John Paul Scott àti John Fuller tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1965, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ ajá fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ṣèwádìí: láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni ọmọ ajá ń kọ́ ohun tó jẹ́ ti ayé rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ àjèjì. Ìgbà yẹn gan-an ni àwa ń fi ẹ̀wọ̀n dè é sẹ́yìn ilé ìdáná. Ohun tí ajá èbúté gbà lọ́fẹ̀ẹ́, Ẹnuayé ní láti wá fi ọ̀pọ̀ ẹja rà á.

Bó ṣe rà á nìyí. Láàárọ̀ kùtù, mo máa ń mú un àti àpò rẹ̀ lọ sí ibi tí a ti lè rí ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu lọ sí òkè, ṣùgbọ́n tó jìnnà díẹ̀. Ibi tí ó ti ń rí zemidjan, tí etí rẹ̀ ń nà, tí kò sì tíì gbó, ibẹ̀ ni mò ń tẹ́ àpò sí. Àwọn ọlọ́kadà aláṣọ ìyeyè ń kọjá, èmi ń sọ ẹja sílẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń lọ, a ń sún mọ́ ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síbi ẹ̀kọ́ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní mo ti gba iṣẹ́ olùṣọ́ àpò. Nígbà tí òjò kejì fi ń parí, a ti lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ọmọ oníkpayo, kí ó máa da epo látinú agbè sínú alùpùpù pẹ̀lú fọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí Ẹnuayé sì máa fi àgbọ̀n lélẹ̀ wò ó.

Dókítà ẹranko Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Karen Overall ti tẹ ìwé kan jáde ní 1997, tó to irú ẹ̀kọ́ yìí sínú rẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́: kí ajá wà lórí ẹní rẹ̀, kí olówó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan, kí ó pàtẹ́wọ́, kí ó lọ dé ẹnu ọ̀nà, kí ó jáde fún ìgbà díẹ̀ kí ó padà wọlé. Nígbà tí mo rí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu yà mí. Ní ti yíyán tí Bàbá yán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin ará Norway kan, Turid Rugaas, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nínú ìwé tirẹ̀: yíyán, lílá imú, yíyí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nǹkan tí ajá fi ń sọ fún ara wọn pé àwọn kò bá ìjà wá ni. Ọdẹ Kétu tí kò kàwé ti bá ajá sọ ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò.

Oṣù Kejìlá wá dé, Bàbá sì ti lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìbọn ọdún. Àpò ìrẹsì kò ràn wá lọ́wọ́ lórí ìyẹn. Ẹnuayé gbọ̀n, ó wa ilẹ̀ lábẹ́ àgbá omi, ó ki orí bọ̀ ọ́. Mo gbé ẹja sí i lẹ́nu, kò wò ó. Ẹ̀rù kì í ṣe àìgbọràn, ajá tí ẹ̀rù ń bà kò sì lè kọ́ nǹkan kan lákòókò yẹn. Ohun tó kù ni ká mú un kúrò níbi ariwo. Tántí, tí kì í jẹ́ kí ajá tẹ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti fèrèsé, ó yí ohùn rédíò sókè, ó jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka owó ọjà rẹ̀, ajá sì fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan sọ pé bí a bá tu ajá nínú nígbà tí ẹ̀rù bà á, a ń kọ́ ọ ní ojo ni. N kò gbà. Ẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń gbowó lé lórí.

Gbogbo àdúgbò ń bi wá bóyá ajá tí kì í gbó yìí ṣì lè ṣọ́lé. Ní òru kan nígbà ọyẹ́, ó gbó. Nítorí pé kì í ṣe àṣà rẹ̀ mọ́, kò sí ilé tí kò jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti igi. Ọkọ obìnrin òdìkejì la bá lórí ògiri, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ ìgbà tí òun wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè mọ́.

Èrè kan tún wà tí n kò ronú kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kẹ́kọ̀ọ́ ìlera ẹran ní CPU, ilé ẹ̀kọ́ inú ọgbà wa tó wá di EPAC. Ó sọ fún mi pé kì í ṣe owó nìkan ló ń dènà abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní Calavi. Ọ̀pọ̀ ajá ni kò ṣeé dì mú. Olówó wọn gan-an kò lè fọwọ́ kàn wọ́n, báwo ni yóò ṣe gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà? Ẹnuayé dùbúlẹ̀ sórí àpò rẹ̀ nílé dókítà, wọ́n gún un, ó jẹ ẹja, ó parí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ajá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ àdúgbò wa, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ìtọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó gé ọmọ iléèwé kan jẹ lápá. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ mi yìí tó fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún bí ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní Kútọnu. Ọmọ náà yè. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti fi abẹ́rẹ́ yìí gba ọmọ Faransé kan, Joseph Meister, là, ayé ti mọ̀ pé àyè wà láàrin ìgbà tí ajá gé èèyàn jẹ àti ìgbà tí àìsàn yóò fojú hàn. Bó bá ti fojú hàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn pa ajá káàkiri àdúgbò. Àwọn tó wà lórí ẹ̀wọ̀n, tó ń gbó tó ń tutọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n wá sí ilé wa náà. Tántí fi ìwé abẹ́rẹ́ hàn wọ́n, ó sì tọ́ka sí ajá tó dùbúlẹ̀ sórí àpò, wọ́n sì lọ.

Calavi kì í ṣe ìlú yẹn mọ́. Nígbà ìkànìyàn 2002, àwọn olùgbé rẹ̀ lé díẹ̀ ní 300,000. Ní 2013 wọ́n ti lé ní 650,000. Ilé ti dé Akassato, ó ti dé Togba, ògiri ga, wọ́n fọ́ ìgò sórí rẹ̀. Ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní berger, tí owó rẹ̀ tó owó alùpùpù, ni àwọn olówó ń rà, ẹ̀wọ̀n sì ni wọ́n ń rà tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bá kọjá, mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ògiri, ohùn kan náà tó wà ní Zogbadjè lọ́dún 1998. Ẹnuayé dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tántí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ajá nílé báyìí, ẹ gbé e mọ́ apá kó rí ọjà, kó rí alùpùpù, kó rí ọmọdé àti arúgbó, kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ má po ata mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wá àpò kan fún un, ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ rí i nígbà tó dákẹ́. Bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì máa tún un gbà nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ padà wá.